Ìró Tó Ń Dún Lápò Ọmọ Mi

Kí n sọ pé ó bọ́ sómi? Rárá. Omi wo? Kò sí omi nínú ṣọ́ọ̀bù yìí ju èyí tí mo fi ń wọ́n aṣọ kí n tó lọ̀ ọ́. Kí n sọ pé ojú mi kò ríran mọ́? Irọ́ yẹn gan-an kò ní tà. Ojú tó ń rí ihò abẹ́rẹ́ láràárọ̀, tó ń ti òwú dúdú bọ inú rẹ̀ láìlo awò ojú — ta ni màá fi ìyẹn tàn jẹ? Ọmọ tí mo bí ni. Ó mọ ojú mi, ó mọ irọ́ mi.

Kí n kúkú sọ òótọ́. Kí n pè é, kí n ní, ọmọ mi, o ṣeun, wàá rí i ṣe ju báyìí lọ, àmọ́ mi ò fẹ́ fóònù yìí. Tó bá wá bi mí pé kí ló dé ńkọ́? Kí ló dé… Àgbàlagbà bíi tèmi, kí ni màá ní ó dé?

Páálí náà jókòó sórí tábìlì máṣíìnì mi bí àlejò tí wọ́n fún lómi tí kò mu. Láti àárọ̀ ló ti wà níbẹ̀. Mi ò tíì gbá iwájú ṣọ́ọ̀bù tán nígbà tí awakọ̀ èrò kan gbé e dé láti ọ̀dọ̀ ọmọ mi, tó ní, "Màmá, ọmọ yín ní ọwọ́ yín gan-an ni kí n fi lé, kì í ṣe ọwọ́ ẹlòmíràn." Mo gbà á. Mo dúpẹ́. Mo tiẹ̀ jó díẹ̀, torí kò dáa kí awakọ̀ lọ ròyìn pé ìyá fajú ro. Ó rẹ́rìn-ín, ó lọ. Láti ìgbà náà, síìpù ṣòkòtò kan ṣoṣo ni mò ń rán, tí mò ń tú, tí mo tún ń rán.

Fóònù tuntun, olójú gbàǹgbà, tí áàpù ìsanwó ti wà nínú rẹ̀. Kí àwọn oníbàárà mi lè máa sanwó tààrà sọ́dọ̀ èmi fúnra mi. Kí n má máa dúró de ọmọ mi mọ́. Ṣé mo sọ fún un pé dídúró ti sú mi ni?

Ìyá Ọlọ́ṣẹ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì ní òun ń bọ̀ wá bá mi tò ó, tí òun bá ti to àwọn ọṣẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé tán. Ó ti kọ́kọ́ yọjú lẹ́ẹ̀kan. Ó gbé páálí náà yẹ̀ wò, ó pariwo. "Háà, Màmá! Ẹ ti di ọ̀gá nìyẹn! Á ti máa dún lọ́wọ́ ẹ̀yin fúnra yín." Ó wá wo ojú mi. "Màmá, ẹ̀yin nìkan ni mo tíì rí tí wọ́n fún ní nǹkan ńlá báyìí tó ń ṣe bí ẹni tí wọ́n gba nǹkan lọ́wọ́ ẹ̀."

Wọ́n gba nǹkan lọ́wọ́ mi lóòótọ́. Ìyá Ọlọ́ṣẹ lóye, kò kàn mọ̀ pé òun lóye ni.

Máṣíìnì, dúró ná… Òwú ti já. Òwú náà ti rí i pé ọkàn mi ò sí níbí.

Kì í ṣe pé mi ò mọ ìwúlò rẹ̀ o. Mo mọ̀ ọ́n. Olówùú tó wà níkọ̀ọ́nà, òun náà ti lẹ ìwé ìsanwó mọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Èmi tí mo ń gbé owó lọ bá a, bọ́tìnnì ló fi ń san ṣéńjì fún mi. "Màmá, kò sí ṣéńjì, ẹ mú bọ́tìnnì." Agolo mi ti kún. Tí ẹ̀wù gbogbo àdúgbò bá já bọ́tìnnì lọ́jọ́ kan náà, èmi nìkan á dá wọn lóhùn. Tí mo bá ní fóònù tèmi, màá jókòó síbí, màá tẹ̀ ẹ́, òwú á wá bá mi. Mo mọ gbogbo ìyẹn. Ọ̀rọ̀ tèmi kò sí lórí òwú.

Kí ni mò ń bẹ̀rù gan-an? Jẹ́ kí n bi ara mi, kò kúkú sẹ́ni tó ń gbọ́. Ẹ̀rù ń bà mí pé… Rárá, ká ti ìbẹ̀rẹ̀ wá.

Nígbà tí àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í wá láìmú owó dání, mo rò pé ìṣẹ́ ló kọlu gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Ènìyàn á múra dáadáa, á gbé ẹ̀wù wá kí n gé e kúrú, tó bá wá kan owó, á gbé fóònù sókè bí ẹni fẹ́ ya àwòrán mi. "Màmá, ibo ni kí n san án sí?" Ọwọ́ mi ńkọ́? Màá na ọwọ́ — òun rèé, kò tíì gé. Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Àwọn mìíràn ní àwọn ń bọ̀, wọn ò bọ̀ mọ́. Ọ̀kọ̀ọ̀kan báyìí ni wọ́n ń já lọ.

Ìgbà náà ni ọmọ mi wá sílé tó ní, "Màmá, ẹ má dààmú." Fóònù kékeré tèmi kò mọ̀ ju kó pe ènìyàn, kó sì tanná. Ó ní inú fóònù tòun ni kí owó náà máa wọ̀ ná. Ó ṣí àkáǹtì, ó lẹ ìwé kan mọ́ ògiri, lẹ́gbẹ̀ẹ́ dígí tí wọ́n fi ń wo ara wọn tí wọ́n bá wọ aṣọ tí mo tún ṣe. Ìwé funfun, tí àmì dúdú wẹ́wẹ́ kún inú rẹ̀ bí ẹni pé èèrà gba inú yíǹkì kọjá. Oníbàárà á na fóònù sí i, á tẹ̀ ẹ́, ó parí. Owó ti lọ. Ibo ló lọ? Inú fóònù ọmọ mi, ní ìlú ńlá tó jìnnà, níbi tó ti ń kun ilé alájà-púpọ̀ lọ́dà. Tó bá di Sátidé, á kó gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí Ìyá Ọlọ́ṣẹ, Ìyá Ọlọ́ṣẹ á gbé owó gidi fún mi, torí ó ń ṣe ìyẹn mọ́ ọṣẹ títà.

Ẹni tó kọ́kọ́ san án báyìí, Tíṣà ni. Tíṣà tó ni ṣòkòtò tó wà lọ́wọ́ mi yìí, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ìwé iwájú yẹn. Ọmọ mi jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Tíṣà tẹ fóònù rẹ̀, àpò ọmọ mi sì dún: kín-ín! Ìró kékeré, tó mọ́ tónítóní. Ọmọ mi fò sókè bí ẹni tí kòkòrò ta. A rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ fi ń dùn mí. "Màmá, ẹ ti wà lápò mi báyìí," ló wí.

Ẹ ti wà lápò mi. Ó lè ti gbàgbé pé òun sọ ọ́. Èmi ò gbàgbé.

Ó gbé ìró náà lọ sí ìlú ńlá, èmi sì kù sídìí máṣíìnì…

Kí ìwé yẹn tó dé ara ògiri, ó máa ń pẹ́ gan-an kí n tó gbọ́ ohùn ọmọ mi. Kì í ṣe pé ó burú. Ọmọ mi kò burú, ẹni tó bá ní ó burú kó wá bá mi níbí. Iṣẹ́ ni. Tí mo bá pè é, afẹ́fẹ́ ni màá kọ́kọ́ gbọ́, fùùù, kí ohùn rẹ̀ tó wá wọlé: "Màmá, mo wà lẹ́nu iṣẹ́, màá pè yín." Á sì gbàgbé. Tí mo bá tún pè, á dà bíi pé mo ti di ẹ̀fọn létí rẹ̀. Ni mo bá jáwọ́. Ìyá tó mọ iyì ara rẹ̀ kì í… Mo ṣáà jáwọ́.

Àmọ́ láti ìgbà tí owó ti ń gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá! Sátidé kan ò yẹ̀. Á pè. "Màmá, Mọ́ńdè dún dáadáa o. Túsìdé ńkọ́, kí ló ṣe é tó gbẹ báyẹn?" Màá ní, òjò ni. Á ní, òjò? Ṣé òrùlé ò jò? Láti orí òrùlé a ó bọ́ sórí orúnkún mi, láti orí orúnkún mi a ó bọ́ sórí eyín ọmọ rẹ̀ tó ń mì, ọmọ náà á gba fóònù, á fi eyín náà hàn mí bí ẹni pé mo lè rí i, màá ní mo ti rí i, ó dáa… Owó náà ò tó nǹkan. Síìpù ni, gígé ṣòkòtò ni. Àmọ́ ọ̀rọ̀ tó ń tẹ̀ lé e pọ̀ ju owó lọ.

Owó ló ń bá mi pe ọmọ mi. Ó ti jáde lẹ́nu mi. Ohun tí mò ń bẹ̀rù nìyẹn. Tí owó bá ti ń wọ inú fóònù tèmi, kí ni yóò máa pè mí fún? Kò ní sí Mọ́ńdè tó dún, kò ní sí Túsìdé tó gbẹ. Á ní òun máa pè. Á ní in lọ́kàn lóòótọ́. Sátidé á dé, á rẹ̀ ẹ́, á sùn. Èmi á jókòó ti fóònù olójú gbàǹgbà, màá máa wo ojú rẹ̀, òun náà á máa wo ojú mi.

Kì í tún ṣe Sátidé nìkan. Èyí tó kù yìí, mi ò lè sọ ọ́ fún ènìyàn, wọ́n á ní arúgbó ń ṣeré ọmọdé. Gbogbo ìgbà tí oníbàárà bá ti na fóònù sí ògiri yẹn, mi ò ronú owó. Àpò ọmọ mi ni mò ń rò. Ó ti dún. Tó bá jẹ́ àárọ̀, mo ti kí i nìyẹn: mo ti jí, ara mi le. Tó bá jẹ́ ọ̀sán: mo ti jẹun, má dààmú. Tó bá di ìrọ̀lẹ́: mo fẹ́ ti ilẹ̀kùn, ó dàárọ̀. Látìdí síìpù níbí ni mo ti ń kí ọmọ mi lójoojúmọ́, kò sì sẹ́ni tó mọ̀.

Mo wá dá ọgbọ́n kan. Ẹ̀rín ń pa mí, àmọ́ ọgbọ́n ni. Oníbàárà bá fẹ́ sanwó, màá ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pín in sí méjì. Ẹ san ìdajì ná, kẹ́ ẹ tún wá san ìdajì." Kó lè dún lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn kan ń ṣe é láìbèèrè. Àwọn kan ń wò mí tìfura-tìfura. Tíṣà ló lanu: "Màmá, ṣé ẹ ń sá fún owó orí ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, tí wọ́n bá sì wá mú mi, òun ni màá ní ó kọ́ mi. Ó rẹ́rìn-ín, ó pín in. Láti ìgbà náà, mi ò ní láti sọ fún un mọ́, fúnra rẹ̀ ló ń pín in. Lọ́jọ́ kan tí ẹnikẹ́ni ò wọlé, mo tilẹ̀ bẹ Ìyá Ọlọ́ṣẹ kó san owó tí kò tó nǹkan sí ìwé ara ògiri, mo ní mo fẹ́ mọ̀ bóyá nẹ́tíwọ̀kì ń ṣiṣẹ́. Nẹ́tíwọ̀kì! Kí ló kan èmi kan nẹ́tíwọ̀kì?

Nígbà tí nẹ́tíwọ̀kì wá lọ lóòótọ́, gbogbo oníbàárà ní àwọn á padà wá san án lọ́la. Ó di ìrọ̀lẹ́, fóònù kékeré mi dún. Kì í ṣe Sátidé o! Ọmọ mi ni. "Màmá, ṣé kò sí? Ó ti dákẹ́ láti àárọ̀." Ohùn rẹ̀ kò lélẹ̀. Mo ní kò sí, ọmọ mi, kò sí nǹkan kan. Inú mi dùn débi pé mi ò mọ ohun tí mo jẹ lálẹ́ ọjọ́ náà. Tó bá dún, ó ń gbọ́. Tó bá dákẹ́ gan-an, ó ń gbọ́.

Ṣé fóònù inú páálí yìí lè ṣe ìyẹn? Á máa dún níbí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí èmi tí mo gba owó. Èmi á máa kí ara mi. Ẹ káàárọ̀, Màmá. Ẹ káàsán, Màmá. Kí ni mo fẹ́ fi ìyẹn ṣe…

Àti ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó ọmọ mi, tí mo rò pé ó fẹ́ràn mi. Awakọ̀ ò tíì rìn jìnnà tó fi pè. "Màmá, ṣé ó ti tẹ̀ yín lọ́wọ́? Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ kí wọ́n bá yín tò ó lónìí. Ẹ má jẹ́ ó di ọ̀la." Mo ní kí ni ti ìkánjú? Ó ní, "Kó lè máa fọkàn síṣẹ́ ni, mà. Gbogbo ìgbà tó bá ti dún ló máa ń —" Ibẹ̀ ló gé e sí. Ó ní ọmọ ń sunkún. Mi ò gbọ́ ẹkún ọmọ kankan.

Kó lè máa fọkàn síṣẹ́. Ìyẹn ni pé èmi ni mò ń gba ọkàn rẹ̀ kúrò níbẹ̀. Gbogbo ìgbà tó bá ti dún ló máa ń… ló máa ń ṣe kí ni? Ló máa ń pòṣé? Ló máa ń ní, "Màmá tún ti dé"? Ẹni a ní kó kín wa lẹ́yìn, ó fẹ̀gún sọ́wọ́. Ìyàwó tí mo… Rárá. Òkò àbínújù kì í pẹyẹ. Ọmọbìnrin yẹn ò ṣe mí níbi rí. Aṣọ ọmọ rẹ̀ tó bá ya, èmi ló ń kó o ránṣẹ́ sí, ó ní kò sẹ́ni tó ń rán an kó má hàn bíi tèmi.

Àmọ́ ó gé ọ̀rọ̀ náà. Ta ló ń gé ọ̀rọ̀ dáadáa sẹ́nu?

Sùúrù. Jẹ́ kí n parí síìpù yìí ná. Tíṣà á yọjú nígbà tí àwọn ọmọ bá jáde ṣeré, ó sì ti fẹ́ tó àkókò. Ẹsẹ̀ máṣíìnì yìí ń han, epo ló ń fẹ́. Mo kán epo sí i. Ó dáa. Ó ti ń lọ wẹ́rẹ́. Eyín síìpù wọnú ara wọn, ó gòkè, ó sọ̀, ó tún gòkè. Kò sí ohun tó ṣe é láti àárọ̀, èmi ni nǹkan ń ṣe.

Fóònù yìí á sì wọ́n. Iye tó ná sórí ẹ̀ ò ní kéré. Ẹni tó fẹ́ já ènìyàn sílẹ̀, ṣé ó máa ń náwó lé e báyìí? Àbí bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn, wọ́n á gbé nǹkan ńlá fún ọ kí o má lè sọ̀rọ̀. Ọkàn mi, jókòó jẹ́jẹ́. Ojú lọ̀rọ̀ wà, ojú rẹ̀ gan-an ni mi ò rí.

Jẹ́ kí n ṣí i wò. Wíwò kọ́ ni gbígbà.

Ìdérí rẹ̀ le… ó ti ṣí. Òun rèé. Ó dúdú, ó ń dán, mo ń rí ara mi nínú rẹ̀, ewú mi àti gbogbo rẹ̀. Mo rò pé á wúwo ni, kò wúwo. Áà — wo bí mo ṣe bà á jẹ́. Epo máṣíìnì. Àtàǹpàkò mi ti wà lójú rẹ̀, gbogbo ìlà ọwọ́ mi hàn kedere. Arúgbó oníwàǹwára. Ṣé o ò lè nu ọwọ́ kó o tó gbé e ni?

Ṣé o ò lè nu ọwọ́…

Dúró ná. Mo ti sọ ọ̀rọ̀ yìí rí, kì í sì í ṣe fún ara mi. Ọmọ mi ni mo sọ ọ́ fún, níbí yìí, nígbà tó wá kí mi kẹ́yìn. Ó gbé fóònù rẹ̀ sórí tábìlì yìí, mo sì pariwo. Ọ̀dà ni gbogbo ojú rẹ̀. Ọ̀dà funfun, ọ̀dà búlúù, àmì ìka lórí àmì ìka, tuntun lórí èyí tó ti gbẹ. Mo ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o ò lè nu ọwọ́ kó o tó gbé fóònù ni?" Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Màmá, kì í dúró dè mí."

Mo rẹ́rìn-ín nígbà náà. Mo fi èékánná ha díẹ̀ kúrò nínú ọ̀dà náà, mo sì bu oúnjẹ fún un.

Kì í dúró dè mí. Kí ni kì í dúró dè é?

Ìró ni. Èmi ni.

Ọ̀dà tó bá ti gbẹ lọ́wọ́ kì í lẹ̀ mọ́ nǹkan. Tútù ló wà. Tó bá sì wà ní tútù, búrọ́ọ̀ṣì ṣì wà lọ́wọ́ nìyẹn. Ẹni tó ń kun ìsàlẹ̀ ilé ní àkísà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní garawa omi, á nu ọwọ́ kó tó mú fóònù. Ibi tí kò ti sí àkísà, tí kò sí omi… òkè ni. Orí àkàbà ni. Níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ fùùù wọ etí mi. Ó dún níbẹ̀, kín-ín, ọmọ mi sì yọ ọ́ lápò lójú ẹsẹ̀, kò lè dúró kó di ìgbà tó bá sọ̀, torí ìyá rẹ̀ ni. Búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ kan. Fóònù lọ́wọ́ kejì.

Ọwọ́ wo ló wá fi di àkàbà mú?

Ọwọ́ wo…

Mo rọra gbé fóònù náà padà sórí tábìlì.

Ohun tí ìyàwó rẹ̀ gé sẹ́nu nìyẹn. Gbogbo ìgbà tó bá ti dún ló máa ń jọ̀wọ́ àkàbà. Ọmọbìnrin náà gbé e mì kí n lè sùn lóru, mo sì ti ń bá a jà nínú ikùn mi láti àárọ̀. Mo rò pé mi ò ju ìró kékeré kan lọ. Mo rò pé tí mi ò bá mú un dún lẹ́ẹ̀mejì, ó lè má gbọ́. Ó ń gbọ́. Ó ń gbọ́ jù. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Èmi níbí ni mò ń fa okùn náà, kí n lè mọ̀ pé ó wà lókè, méjì-méjì ni mo sì ń fà á…

Kò lè pa ìró náà ni? Ó lè pa á. Ìyá Ọlọ́ṣẹ ti ṣe é lójú mi rí, ó tẹ ẹ̀gbẹ́ fóònù rẹ̀ báyìí, ó dákẹ́. Ọmọ mi mọ̀ ọ́n ṣe ju Ìyá Ọlọ́ṣẹ lọ. Kò pa á. Ó ti dún lójò, ó ti dún lóòrùn, kò pa á. Kàkà kó pa ìró mi lápò rẹ̀, ó lọ náwó ra fóònù.

Mo fẹ́ sunkún, ẹkún náà ò wá.

Sátidé ńkọ́? Mi ò mọ̀. Ó lè pè, ó lè má pè. Tí kò bá pè, èmi á pè é. Màá jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ilẹ̀, kó fọ ọ̀dà ọwọ́ rẹ̀ kúrò, kó jẹun, màá wá pè é. Tó bá ní kí ló dé, màá ní kò sí ohun tó dé. Mo fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ ni. Kí ló dé tí mi ò fi sọ bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ yìí? Ìyá tó mọ iyì ara rẹ̀, hùn. Iyì wo?

Òjìji bọ́ sẹ́nu ọ̀nà. Tíṣà ni, ẹfun ìkọ̀wé wà lápá ẹ̀wù rẹ̀. Ó ń kí mi, mò ń dá a lóhùn, mi ò mọ ohun tí mo sọ. Mo na ṣòkòtò náà sí i. Ó fa síìpù rẹ̀ sókè, ó fà á wálẹ̀, ó mi orí, ó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Lẹ́yìn rẹ̀, oòrùn ti dé àárín títì. Ní irú àkókò yìí, òkè pátápátá ni wọ́n máa ń wà, wọ́n á fẹ́ parí ẹ̀gbẹ́ kan kí oòrùn tó yí. Ọmọ mi ló sọ fún mi bẹ́ẹ̀.

Tíṣà ti ki ọwọ́ bọ àpò. Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi, ó mọ bí èmi àti òun ṣe ń ṣe é, ó ti ń pín in sí méjì lọ́kàn rẹ̀. Ó gbé fóònù sókè. Ó na án sí ògiri —

Mo ti dìde. Orúnkún mi kò tilẹ̀ ráyè dùn mí. Àtẹ́lẹwọ́ mi ti bo ìwé ara ògiri, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, epo máṣíìnì ń wọnú gbogbo àmì dúdú náà, kò kàn mí. Tíṣà dúró, fóònù lókè, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Ó ń wò mí. Ó lè máa wò. Owó rẹ̀ ò ní bàjẹ́, Ìyá Ọlọ́ṣẹ ń bọ̀ wá bá mi to fóònù náà, ibẹ̀ ni yóò san án sí.

Kó ní sùúrù fún mi. Ọmọ mi kò tíì sọ̀ kalẹ̀.